Oríkì mẹ́rìnlélógún kí Kérésìmesì tó dé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, lápá Ìbarà. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọ̀kan méje, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ mẹ́rin. Lọ́dún tó kọjá mo ra kàlẹ́ńdà Ádífẹ́ntì kan, páálí onílẹ̀kùn kéékèèké 24 tí a fi ń ka ọjọ́ kí Kérésìmesì tó dé, èyí tí wọ́n ń fi ṣokoléètì sẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kejìlá kò tíì pé ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó lè sọ ohun tí à ń retí fún mi. Lọ́dún yìí mo fẹ́ ká fọwọ́ ara wa ṣe tiwa nílé, kí Jésù jẹ́ ìdí rẹ̀. Àmọ́ owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ìyá ọkọ mi tó wà lọ́dọ̀ wa sì ní àṣà òyìnbó lásán ni. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, ìyá ọmọ mẹ́ta. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè wọn. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi nílùú yìí, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ ìyá jókòó ran àpò kéékèèké 24 tí a fi ń ṣe kàlẹ́ńdà yìí nílé, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín.

Ẹ má bá àwọn ọmọ wí lórí ti èṣí. Àìsí ohun tí wọ́n lè dúró dè nínú kàlẹ́ńdà yẹn ló jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ṣokoléètì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ náà ló wà lẹ́yìn ìkẹrìnlélógún. Bí ti òní ṣe rí gẹ́lẹ́ ni ti ọ̀la bá ṣe rí, ta ni yóò fi ti ọ̀la sílẹ̀? Àgbà gan-an kò ní fi í sílẹ̀. Kàlẹ́ńdà tó bá máa kọ́ ọmọ ní ìretí gbọ́dọ̀ ní ohun kan nínú tó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, àti ohun kan tí a fi pamọ́ títí dópin.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sínú àpò wọ̀nyẹn ni oríkì Jésù, tí ẹ kọ sórí ìwé kékeré, ọ̀kan fún àpò kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi pamọ́ ni orúkọ rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá mọ̀ pé oríkì yàtọ̀ sí orúkọ. Bí màmá àgbà bá pe ọmọ ní Àjọkẹ́ tàbí Àkànní lóròówúrọ̀, ẹ ó rí i bí ojú ọmọ náà ṣe máa tàn, torí ó mọ̀ pé ìfẹ́ wà nínú ohun tí wọ́n pè é yẹn. Bíbélì kún fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti fi ń ki Olúwa kí wọ́n tó bí i rárá. Nínú Gẹ́nẹ́sísì 3:15, irú-ọmọ obìnrin ni. Nínú Gẹ́nẹ́sísì 22:18, irú-ọmọ Ábúráhámù tí gbogbo orílẹ̀-èdè yóò tipasẹ̀ rẹ̀ rí ìbùkún. Ní Ẹ́kísódù orí 12, ọ̀dọ́-àgùntàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lára òpó ilẹ̀kùn. Bálámù rí i lókèèrè ní Númérì 24:17, ó pè é ní ìràwọ̀ láti ara Jákọ́bù. Ìtàn Rúùtù àti Bóásì á fún yín ní Olùràpadà. Aísáyà 11:1 á fún yín ní èèhù tó yọ láti ara kùkùté Jésè, Míkà 5:2 á fún yín ní Alákòóso tó ń ti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù bọ̀, Málákì 4:2 á fún yín ní Oòrùn Òdodo. Aísáyà 9:6 nìkan tó ọjọ́ márùn-ún: Ìyanu, Olùdámọ̀ràn, Ọlọ́run Alágbára, Baba Ayérayé, Ọmọ-Aládé Àlàáfíà. Ẹ má kó márààrún sínú àpò kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba alẹ́ tirẹ̀, kí ọmọ lè bi yín léèrè pé báwo ni ọmọdé ṣe lè jẹ́ Baba. Ẹ fi Ìmmánúẹ́lì sí 24, alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, torí pé ó túmọ̀ sí pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa.

Àwọn kan máa ń ka Ìhìnrere Lúùkù, orí kan lójúmọ́, nítorí pé orí 24 ló ní. Ó dára fún àgbà. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin, n kò gbà á níyànjú: orí náà gùn, bó bá sì fi máa di ọjọ́ 23, orí àgbélébùú lẹ máa wà nígbà tí gbogbo ilé ń múra fún ìbí ọmọ.

Ní ti ìyá ọkọ yín, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kí ẹ tó ra ohunkóhun. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ọ̀dọ̀ òyìnbó Jámánì ni kàlẹ́ńdà yìí ti wá. Àmọ́ ẹ ro bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn ìdílé onígbàgbọ́ níbẹ̀ a máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà 24 sára ilẹ̀kùn, ọmọ á sì máa nu ọ̀kan kúrò lójoojúmọ́. Ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn ìyá tiwa náà ń ṣe nìyẹn, tí wọ́n á fi èédú fa ìlà sára ògiri kí wọ́n má baà gbàgbé iye ọjà tí wọ́n tà láwìn? Gerhard Lang, ẹni tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ irú kàlẹ́ńdà yìí tà nílùú Munich, rí i lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá yìí lẹ bísíkíìtì kéékèèké 24 mọ́ páálí fún un, kó lè máa ka ọjọ́. Ọwọ́ ìyá nínú ilé ló ti jáde kó tó dé ọjà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé iṣẹ́ tó tóbi jù fún màmá àgbà: àwọn ni kí wọ́n máa ki Olúwa. Ọmọ á ka orúkọ tó wà nínú ìwé, màmá á sì fi ohùn oríkì pè é, bí wọ́n ṣe máa ń ki ọmọ Ẹ̀gbá. Lálẹ́ kejì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ti àná, wọ́n á fi tòní kún un. Nígbà tó bá di alẹ́ kẹwàá, oríkì ti gùn, àwọn ọmọ á sì ti máa gbè é. Mo ti rí ìyá àgbà kan tó kọ́kọ́ dijú nínú àga rẹ̀ bíi pé kò gbọ́ wa. Ní ọjọ́ kẹfà, òun ló ń bi wá pé aago mélòó la fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ṣíṣe rẹ̀. Ìlú adìrẹ la wà, ó sì dùn mí bí a bá lọ ń wá bébà aláwọ̀ mèremère nígbà tí ọjà adìrẹ Ìtòkú wà nítòsí. Ẹ wá aṣọ òwú funfun bí ọ̀pá kan, ẹ gé e sí ọ̀nà 24, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní hóró àgbàdo mẹ́jọ. Kó fi hóró kan sáàárín aṣọ, kó fa aṣọ náà sókè yí i ká, kó sì fi ìko dì í lọ́rùn. Ọrùn yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Bó bá dẹ̀, aró á wọ inú rẹ̀, kò ní sí àmì kankan. Ọmọ ọdún mẹ́rin á nílò kí ẹ bá a di orí ìko mú nígbà tó bá ń wé e. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan aró. Kọ́sítíìkì sódà wà nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ń lò lóde òní, ó ń bó ara, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ẹ kó aṣọ tí ẹ ti dì náà lọ bá aláró ní ọjọ́ tó bá ń rẹ aṣọ tirẹ̀. Fún aṣọ kéékèèké bẹ́ẹ̀, owó tó máa gbà kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú àwọn ọmọ dání, kí wọ́n dúró lókèèrè wò ó. Bí aṣọ bá ṣe ń jáde látinú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ní. Afẹ́fẹ́ á wá kàn án, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú wọn, títí yóò fi dúdú bí ojú ọ̀run lóru. Ẹ sá a síbi tí kò sí oòrùn. Ó di ìgbà tó bá gbẹ kí ẹ tó tú ìko. Ọmọ ọdún méje kan tí mo bá ṣe é fi eyín já tirẹ̀, hóró àgbàdo bọ́ sílẹ̀, ó sì rí òrùka funfun kékeré tó kù láàárín aró. Kò sọ ohunkóhun. Ó kàn tẹ ìka sáàárín rẹ̀, ó wá lọ fi han gbogbo ẹni tó wà nílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìràwọ̀ nìyẹn, ọ̀kan lára àpò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ran wọn mọ́ aṣọ ńlá kan, ìgékù lọ́wọ́ télọ̀ àdúgbò tó fún un. Ẹ fi apá òkè sílẹ̀ láìrán, kí ọwọ́ lè wọlé. Ẹ ran àpò kan ṣoṣo kún un nísàlẹ̀ pátápátá, tí kò ní nọ́ńbà. Ẹ fi í sílẹ̀ báyìí ná. Bí àyè tàbí owó adìrẹ kò bá sí rárá, páálí ìṣáná 24 tí ẹ lẹ̀ pọ̀ á ṣe é. Oríkì inú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ nọ́ńbà fúnra wọn, kí wọ́n sì máa pè é ní Yorùbá. Mo ń tẹnu mọ́ èyí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, bí wọ́n bá ti ka ení dé ẹ̀wá, Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Bẹ́ẹ̀ bí a ṣe ń ka nọ́ńbà bá Ádífẹ́ntì mu gan-an. Dé ẹ̀rìnlá, à ń kà á lórí ẹ̀wá tó ti kọjá. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀ẹ́dógún, a ti yíjú sí ogún: ẹ̀rìndínlógún, ó ku mẹ́rin, ẹ̀tàdínlógún, ó ku mẹ́ta, èjìdínlógún, ọ̀kàndínlógún, ogún dé. Èdè wa fúnra rẹ̀ ń ka ohun tó kù. Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá yín, ó ti dàgbà tó láti mọ̀ ọ́n.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ṣe kàlẹ́ńdà yìí, ẹ̀kọ gbígbóná ni mo fi lẹ àpò ìwé mọ́ páálí, mo sì kó tọ́ọ̀fì sínú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, èèrà ti tò láti ojú fèrèsé dé ibẹ̀, aáyán sì ti jẹ gbogbo ibi tí ẹ̀kọ wà. Àwọn ọmọ sunkún. Látìgbà náà, abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo ń lò, n kì í sì í fi ohunkóhun sínú àpò ju ti ọ̀la lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn ni kí ẹ fi ti ọ̀la sí i. Ìyẹn náà ló máa yanjú ọ̀ràn ti èṣí: ẹni tó bá yọ́ ṣí àpò ìkẹwàá ní ọjọ́ kẹrin, òfìfo ló máa bá. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan dídùn sí i, ẹ fi í mọ sí Ọjọ́ Ìsinmi, kó jẹ́ kúlíkúlì tàbí ẹ̀pà díẹ̀ nínú ọ̀rá.

Ẹ mọ̀ pé Ádífẹ́ntì gan-an kì í sábà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ Ìsinmi tó bá sún mọ́ ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá jù ló ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè bọ́ sí ọjọ́ èyíkéyìí láti 27 oṣù Kọkànlá dé 3 oṣù Kejìlá. Àpò yín lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, kó má baà dojú rú. Ní ti Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ri àbẹ́là mẹ́rin mọ́ inú abọ́ yanrìn, kí ẹ tan ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kìíní, méjì ní ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Johann Hinrich Wichern ló bẹ̀rẹ̀ irú àbẹ́là yìí ní 1839, fún àwọn ọmọ aláìní tó ń tọ́jú nílùú Hamburg, torí wọ́n ń dà á láàmú pé ìgbà wo ni Kérésìmesì máa dé. Àgbà ni kó máa tàn án, kó má sì sún mọ́ kọ́tìn-ìn. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà yẹn, gbogbo nǹkan ti gbẹ.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ló dára jù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Àbíkẹ́yìn á fa ìwé jáde, ọmọ ọdún mẹ́wàá á ka ẹsẹ Bíbélì, ọmọ ọdún méje á ya àwòrán rẹ̀ nígbà tí màmá àgbà bá ń ki Olúwa. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má dá a dúró. Bí ẹ bá pàdánù ọjọ́ méjì nítorí ìrìn àjò tàbí àárẹ̀, ẹ ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ so iṣẹ́ kan mọ́ oríkì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé páálí kékeré kan kalẹ̀ bí ibùjẹ ẹran. Ọmọ tó bá ṣe oore lọ́jọ́ náà, kó fi koríko gbígbẹ kan sínú rẹ̀, kí ibùsùn náà lè rọ̀ kí Ọmọ náà tó dé. Kó pọn omi fún aládùúgbò tó ti dàgbà. Kó bá yín ṣa òkúta inú ìrẹsì Ọ̀fàdà láìkùn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ Ọmọ-Aládé Àlàáfíà, kó bá ẹni tó bá a jà sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kó sì bá yín ka iye abọ́ tí ẹ máa bu Kérésìmesì sí fún àwọn Mùsùlùmí àdúgbò tó gbé ẹran Iléyá wá fún yín.

Ọjọ́ méjì wà tí mo fẹ́ kí ẹ má fi eré sá kọjá. Ọ̀kan ni ọjọ́ tí oríkì jẹ́ Àpáta, 1 Kọ́ríńtì 10:4. Ọmọ Abẹ́òkúta kò nílò àlàyé gígùn níbẹ̀. Ẹ mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti lè rí Olúmọ, kí ẹ sọ fún wọn pé nígbà tí ogun lé àwọn baba wa, tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé ibí ní 1830, abẹ́ òkúta yẹn ni wọ́n sá sí. Kí ẹ wá bi wọ́n pé kí ni ìtumọ̀ kí èèyàn pe Ẹnìkan ní Àpáta. Ẹ dákẹ́, kí wọ́n dáhùn fúnra wọn.

Èkejì ni ọjọ́ Ẹni Àmì Òróró. Orin Hánà ní 1 Sámúẹ́lì 2:10 ló ti wá, Hánà tó sunkún wá ọmọ kó tó bí Sámúẹ́lì. Ẹ fi ìtàn ìlú yìí tì í. Ní 1821, wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, ọmọdé ni nígbà náà. Ìyá rẹ̀, Afala, kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Ní 1846, Àjàyí tó ti di Àlùfáà Samuel Crowther bá òyìnbó míṣọ́nnárì Henry Townsend wá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni ìyá àti ọmọ ti ríra lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà ní 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́. Ìyá tó dúró de ọmọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nílùú tí àwọn ọmọ yín ń gbé yìí! Bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ní kíláàsì mi, wọ́n máa ń béèrè pé ṣé wọ́n dá ara wọn mọ̀, ṣé wọ́n sunkún. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ fún wọn pé bí Ísírẹ́lì ṣe dúró de Olúwa nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé tiwọn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku àpò ìsàlẹ̀ tí kò ní nọ́ńbà. Bí àwọn ọmọ bá ti ń béèrè ohun tó wà níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé kò tíì tó àkókò. Wọn yóò máa gbàdúrà ní orúkọ Jésù bó ti yẹ, inú àpò nìkan la kò tíì ní fi í sí. Lúùkù 2:21 sọ pé ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ, bí àwa náà ṣe ń ṣe. Bí Kérésìmesì bá jẹ́ ọjọ́ kìíní, ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ni ìkẹjọ, ìjọ Áńgílíkà sì ń rántí ìsọlórúkọ náà lọ́jọ́ yẹn. Torí náà, kàlẹ́ńdà tiwa kì í parí ní ọjọ́ 25. Ẹ fi í sílẹ̀ lára ògiri.

Ní òwúrọ̀ ọdún tuntun, lẹ́yìn ìsìn, ẹ gbé oyin, iyọ̀ àti omi síwájú màmá àgbà bí ìgbà tí ẹ sọ àwọn ọmọ wọ̀nyí lórúkọ. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé mẹ́jọ lára oríkì náà, kó máa fi owó kéékèèké sínú abọ́ omi bó bá ṣe ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹbí ṣe ń ṣe níbi ìsọmọlórúkọ. Owó náà á di ọrẹ ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Màmá á wá ki Olúwa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún. Lẹ́yìn náà ni kí àbíkẹ́yìn ki ọwọ́ bọ àpò ìsàlẹ̀. Kò tíì mọ̀wé, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́rin péré ló wà nínú ìwé náà. Ẹ ti máa kọ́ ọ ní lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ìsinsìnyí, láìsọ ìdí rẹ̀ fún un, kó lè jẹ́ òun ni yóò kà á sókè.